Ẹni Méjì Ló Ń Ka Lẹ́tà Rẹ Fún Mi

Erínjẹ,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Olúwatóyọ̀sí,

Mo kí ọ. Ara mi le. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti ń dùn mí kí wọ́n tó bí ọ, nítorí náà má da ara rẹ láàmú lé e lórí.

Benedict, kátíkíìsì wa, ló ń kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ọ̀rọ̀ Bíbélì kún un.

Joel àbúrò bàbá rẹ wá síbí lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní o ti ṣe ìdánwò kan lẹ́ẹ̀mejì, o sì ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo ní irú ìdánwò wo. Ó ní èyí tí yóò mú ọ wọ ilé ìwé gíga àwọn nọ́ọ̀sì. Mo ní ṣé ìwọ kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni. Ó ní nọ́ọ̀sì ni ọ́. Ẹni tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́sàn-án, tó ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ wò lára rẹ̀? Joel kò mọ̀ ọ́n. Joel kì í mọ nǹkan.

Nítorí náà mo bi ọ́, kí o dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé wọ́n ti lé ọ níbi iṣẹ́ ni? Ṣé aláìsàn kan ló kú sí ọ lọ́wọ́? Àbí ọkùnrin kan ló ní òun yóò bá ọ wá àyè nílé ìwé, tó wá ń pe jìbìtì rẹ̀ ní ìdánwò?

Má pè mí lórí fóònù. Lóṣù Kẹta, ẹnì kan pè mí, ohùn Joel gan-an ló ní. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ti mú òun ní Ọ̀rẹ̀, kí n tètè wá nǹkan ṣe. Joel wà níwájú mi nígbà náà, ó ń jẹ púpùrù. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba ọ̀rọ̀ ẹbí lórí fóònù mọ́. Ìwé ni kí o kọ. Fi í ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ Charity tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Òkìtìpupa. Yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, yóò lẹ àpòòwé rẹ̀ pa, yóò fi rán ọlọ́kadà sí mi.

Kí o sì mọ̀ pé ẹni méjì ni mo máa ń jẹ́ kó ka lẹ́tà kan fún mi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fo nǹkan, ẹnì kejì yóò kà á.

Èmi ni,
ìyá bàbá rẹ.


Dallas,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo dúpẹ́ pé ara yín le. Ẹ bá mi kí Tísà Benedict, ẹ sì bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Joel, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kó jẹ́ kí èmi fúnra mi sọ ọ̀rọ̀ ara mi.

Wọn kò lé mi níbi iṣẹ́. Aláìsàn kankan kò kú sí mi lọ́wọ́. Kò sí ọkùnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo fẹ́ kàwé sí i, kí n lè di nọ́ọ̀sì tó ń yẹ aláìsàn wò, tó sì lè fúnra rẹ̀ kọ oògùn fún un. Ilé ìwé tí mo fẹ́ wọ̀ ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé kọ́kọ́ ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní GRE. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ń ṣe é, ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ń ṣe é, àwa nọ́ọ̀sì náà ń ṣe é. Kò sí ìbéèrè kan ṣoṣo nípa aláìsàn níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ni. Gẹ̀ẹ́sì kò dí mi lọ́wọ́. Ìṣirò ni kò jẹ́ kí n rìn. Bí èèyàn bá jókòó tí kò mọ nǹkan kan, wọn yóò fún un ní 130. Ilé ìwé wa ń bèèrè 148. Mo gba 138, mo tún un ṣe, mo gba 140.

Ilé mi ni mo ti ṣe ti àkọ́kọ́, lórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin kan ń wò mí láti inú kámẹ́rà. Ó ní kí n gbé kọ̀ǹpútà yí yàrá ká kó rí gbogbo kọ̀rọ̀, kí n ká irun mi sókè kó rí etí mi. Aago kan wà lókè ojú ìwé tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, òun ni mo ń wò dípò ìbéèrè.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Nínú ìwé mẹ́wàá, B3 ni mo gbà nínú ìṣirò. Ẹ ó rántí bí mo ṣe sunkún délé láti Òde-Ìrèlè lọ́jọ́ náà, tí mo ní ìbéèrè méjì péré ni mo dáhùn. Ẹ ní kí n nu ojú, pé Ọlọ́run yóò ṣe é. Ó sì ṣe é. A wọ funfun lọ ṣe ìdúpẹ́. Mo ti jẹ́rìí yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ṣe é nígbà yẹn kò yí padà, nítorí náà mo ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹ bá mi fi ohùn sí i. Inú oṣù Kẹjọ ni mo máa tún un ṣe. Ilé ìwé yóò pa ìforúkọsílẹ̀ dé láàárín oṣù Kejìlá, bí ti ọdún yìí bá sì kọjá, ìwé tí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fi ní àwọn yóò ràn mí lọ́wọ́ san owó ilé ìwé kò ní wúlò mọ́.

Ọmọ yín,
Tóyọ̀sí.


Erínjẹ,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Keje, ọdún 2024.

Olúwatóyọ̀sí,

Lẹ́tà rẹ dé. Àwọn méjèèjì kà á, ohun kan náà ni wọ́n sì kà, nítorí náà mo gbà pé ìwọ lo kọ ọ́.

Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin inú kámẹ́rà yẹn. Kí ló ń wá nínú etí rẹ? Benedict ní wọ́n ń wò ó bóyá èèyàn kan ń sọ ìdáhùn sí ọ létí ni. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti mọ̀ pé àwọn èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, má tún lọ ṣe é nínú ilé rẹ. Lọ sí gbọ̀ngàn wọn, níbi tí àwọn ẹlòmíràn yóò ti rí ọ.

O kọ ìwé gígùn sí mi. Mo ní kí Benedict ka iye ìgbà tí o dárúkọ Ọlọ́run àti ààwẹ̀ àti ìjẹ́rìí fún mi, ó kà á. Mo ní kó ka iye ìgbà tí o dárúkọ olùkọ́. Ó ní kò sí. Ta ló ń kọ́ ọ ní ìṣirò? Ìwé wo lo ń kà? Ṣé ebi tí o ń fi pa ara rẹ yóò jókòó sínú gbọ̀ngàn bá ọ ka nọ́ńbà?

Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ìgbà yẹn, má sọ ọ́ kiri mọ́. Má bi mí nídìí.

Wọ́n ti gé igi ọ̀pẹ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé. Ó ti gbó. Judith ìyàwó olóògbé bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Mo ti kí ọ.

Èmi ni,
ìyá bàbá rẹ.


Dallas,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ó ṣòro fún mi láti gbé ọwọ́.

Tísà Benedict, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ ka lẹ́tà yìí fún Màmá. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Gbọ̀ngàn ni mo lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. 139 ni mo gbà. Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, mo tún padà sẹ́yìn. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi níta títí omi ojú mi fi gbẹ.

Mo lọ rí pásítọ̀ wa. Èmi kò sọ nǹkan kan fún un nípa ilé. Òun ló ní obìnrin kan wà nínú ilé bàbá mi, kì í ṣe òun ló bí mi, òun ló so nọ́ńbà mọ́ mi lójú. Màmá, obìnrin mélòó ló wà nínú ilé bàbá mi tí kò bí mi?

Mo mọ̀ ọ́n tipẹ́, n kò kàn sọ ọ́ ni. Lọ́jọ́ tí mo ṣe ìṣirò ìwé mẹ́wàá, mo dùbúlẹ̀ nínú yàrá, ẹ̀yin àti Àǹtí Judith wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo gbọ́ ọ lára ògiri pẹ̀lú etí ara mi. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó jókòó sílé fún ọdún kan.” Ọmọ tí kò ní ìyá, tó ti sunkún dákú, ohun tó kàn án nìyẹn. Nígbà tí èsì jáde tí gbogbo yín ń jó ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun kò jó. Ó dúró bí igi. Ojú mi ni ó ṣe.

Èmi ni mo kan páànù tuntun sí ilé bàbá mi. N kò kàn án fún ẹni tí yóò máa jókòó sábẹ́ rẹ̀ kó máa dè mí. Mo fẹ́ kó kó kúrò níbẹ̀ kí n tó ṣe èyí tó kù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àyè kù kí ilé ìwé tó pa ìforúkọsílẹ̀ dé.

Ọmọ yín,
Tóyọ̀sí.


Erínjẹ,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024.

Olúwatóyọ̀sí,

Benedict ka lẹ́tà rẹ fún mi láàárọ̀. Ó ní o gba ọ̀kàndínlógóje, ó ní o sunkún nínú ọkọ̀, ó ní o kí mi, ó bá ká a. Mo wo ìwé náà, mo ní ọ̀rọ̀ tó kà kò tó ọ̀rọ̀ tó wà lójú ewé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ṣe máa ń rí.

Mo gbé e fún ẹnì kejì nírọ̀lẹ́. Ẹnì kejì tó ń ka lẹ́tà rẹ fún mi láti oṣù Kẹfà, Judith ni. O kò bi mí, èmi náà kò sì sọ fún ọ.

Ó ń ṣa ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó. Ó kà á láti òkè. Nígbà tó dé ibi tí o ti ní kí Benedict nìkan kà á, ó wò mí. Mo ní kó máa kà á lọ. Ó ka ọ̀rọ̀ pásítọ̀ rẹ. Ó ka ọ̀rọ̀ ògiri. Ó ka ibi tí o ti ní ó dúró bí igi. Ó ka ibi tí o ti ní kó kó kúrò nílé. Kò fo ibì kankan, kò sì yí ohùn padà, bí ẹni ń ka ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ṣe kà á. Ó wá ní, “Mo kà á tán, Màmá. Ṣé kí n tún un kà?”

Mo ní kó má tún un kà mọ́.

Mo ránṣẹ́ sí Benedict, mo bi í léèrè ìdí tó fi fo ọ̀rọ̀. Ó ní òun ń wá àlàáfíà. Mo ní mi ò rán an níṣẹ́ àlàáfíà, ìwé ni mo ní kó kà. Òun náà ló ń kọ èyí, ojú sì ń tì í.

Judith kò ní kúrò níbí. Kò so nǹkan kan mọ́ ọ lójú. Mo mọ ohun tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ kò ṣeé gbé gba inú ẹ̀rọ Charity. Vivian ọmọ Joel ń lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa fi í sí. Títí yóò fi dé, má ṣe nǹkan kan, má sì sọ nǹkan kan fún pásítọ̀ rẹ.

Èmi ni,
ìyá bàbá rẹ.


Erínjẹ,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Olúwatóyọ̀sí,

Judith ló ń kọ èyí, Vivian ni yóò sì mú un wá fún ọ. Mo ti ní kí Benedict máa lọ sílé. Kò sí ẹnì kejì tí yóò kà á padà fún mi. Òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú mi, mi ò sì fẹ́ kó di ẹni mẹ́ta níhìn-ín.

Lọ́jọ́ tí o ṣe ìṣirò, o dùbúlẹ̀ nínú yàrá. Mo sọ fún Judith pé ọmọ yìí ti fìdí rẹmi. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó jókòó sílé fún ọdún kan. Èmi fúnra mi ni màá kọ́ ọ ní ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì tún un ṣe.” Ìdajì rẹ̀ lo gbọ́.

Èmi ni mi ò gbà. Mo ti sọ fún gbogbo Erínjẹ pé o ń lọ ṣe nọ́ọ̀sì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ nílé kó bi mí léèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì àti òbúkọ kan lọ sí Òde-Ìrèlè, sí ilé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fágbèmí. Òun ló ń bójú tó gbọ̀ngàn yín. Ìwé ìdáhùn yín kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ tìrẹ, ó gbé e fún ẹnì kan tó jókòó nínú ilé. Ẹni náà kọ ọ́ láti orí dé ìsàlẹ̀. Mo jókòó tì í títí ó fi kọ ọ́ tán. Mi ò mọ ohun tó kọ. Mo rí i pé ó pọ̀. Fágbèmí ti kú báyìí.

Nígbà tí èsì jáde, o fò sókè, o ní Ọlọ́run ló ṣe é. Mo lè là á yé ọ níjọ́ náà. Mi ò là á. Mo wọ funfun, mo tẹ̀lé ọ, mo sì jó dáadáa. Judith kò jó nítorí pé ó mọ ohun tí à ń jó sí. Mo ti sọ fún un pé ọjọ́ tó bá lanu, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọmọ mi. Ó pa ẹnu mọ́ láti ìgbà náà. Ìwọ wá ní kó kó ẹrù rẹ̀ nítorí pé kò lanu.

Judith ti dáwọ́ kíkọ dúró. Mo ní kó máa kọ ọ́.

Ilé ìwé nọ́ọ̀sì, ìwọ lo kà á fúnra rẹ. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí mo bá mọ̀ wọ́n ni, bóyá èmi ì bá tún gbé epo lọ. Ìdánwò tí o ṣe kí Amẹ́ríkà tó gbà ọ́ síṣẹ́, ìwọ náà ni. Ìṣirò nìkan ni o kò ṣe. O kò mọ̀ ọ́n nígbà náà, o kò sì mọ̀ ọ́n báyìí, nítorí pé èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò dè ọ́. Fi ààwẹ̀ sílẹ̀, kí o lọ wá ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Mi ò ní sunkún sínú ìwé. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi, ṣùgbọ́n kọ́ ìṣirò ná.

Èmi ni,
ìyá bàbá rẹ.


Dallas,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Màmá mi,

Mo kí yín. N kò rí Vivian, n kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ ní ẹ ní ọ̀rọ̀, ẹ kò sọ ọ́. Ẹ ní kí n má ṣe nǹkan kan, oṣù kan ń lọ. Ẹ wá ní obìnrin yẹn ló ń ka gbogbo lẹ́tà mi láti oṣù Kẹfà. Gbogbo ọjọ́ ìdánwò mi ló mọ̀. Gbogbo nọ́ńbà mi ló mọ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí?

Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá ni mo mú fún èyí tó kù. Mo ti sọ fún Bọ̀ọ̀dá Joel pé kó ra àgádágodo, kó lọ ti yàrá Àǹtí Judith pa. Ẹ má dí i lọ́wọ́. Ayé mi ni mò ń gbà sílẹ̀.

Tóyọ̀sí.


Erínjẹ,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Olúwatóyọ̀sí,

Joel wá lánàá pẹ̀lú àgádágodo. Judith wà nílé ìwé. Mo gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo jókòó.

Joel ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Tóyọ̀sí ló rán mi. Òun ló kan páànù.”

Mo ní, “Ta ló ni ògiri tó kan páànù lé?”

Ó ní bàbá rẹ ni. Mo ní ta ló fún bàbá rẹ ní ilẹ̀ tó mọ ọ́n lé. Mo ní bó bá fẹ́ ti nǹkan pa, kó bẹ̀rẹ̀ láti ara mi, kó fi àgádágodo náà kọ́ mi létí. Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí títí oòrùn fi kan wá lára. Nígbà tó yá, ó ní ebi ń pa òun. Mo ní púpùrù wà nílé ìdáná, Judith ló ṣe é. Bí kò bá bẹ̀rù, kó lọ bù ú. Ó bù ú, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì gbé àgádágodo rẹ̀ lọ.

Vivian yóò gbéra lọ́jọ́ kẹsàn-án. Lẹ́tà mi wà nínú àpò rẹ̀. Dúró dè é. Mi ò ní kọ nǹkan mìíràn sí ọ títí yóò fi dé.

Èmi ni,
ìyá bàbá rẹ.


Erínjẹ,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Olúwatóyọ̀sí,

Joel ní Vivian ti fi lẹ́tà náà sílé ìfìwéránṣẹ́ fún ọ láti oṣù tó kọjá, àti pé o ti sọ fún un pé ó dé ọwọ́ rẹ. O kò kọ̀wé sí mi. Charity ní kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀rọ òun. Mo ti rán ọlọ́kadà sí i lẹ́ẹ̀mẹrin, mo rò pé ó ń pa á mọ́ ni.

Ṣé ó yé ọ ni, àbí kò yé ọ? Ṣé o gbà á gbọ́? Ṣé o ti rí olùkọ́? Ó ku ọjọ́ méjìlélógún. Judith ló ṣírò rẹ̀ fún mi.

Bí o bá ti pinnu pé o kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n kà á fún mi, kí n mọ̀ ọ́n.

Èmi ni,
ìyá bàbá rẹ.


Dallas,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Màmá,

Mo kí yín.

Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó kọjá. Ìlà méjì ni mo kà, mo rí i pé ọwọ́ Àǹtí Judith ni. Mo ní irọ́ ni, òun ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló lò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo mú un jáde. Mo jókòó, mo wá gbìyànjú láti rántí ìbéèrè tí mo dáhùn lọ́jọ́ náà. Méjì ni. Ọ̀kan nínú méjèèjì, mo fi í sílẹ̀ láàárín. Màmá, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà náà fún mi. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí èsì jáde. Ẹni tó dáhùn ìbéèrè kan àti ààbọ̀ kò lè gba B3. Mo mọ̀, mo sì pè é ní iṣẹ́ ìyanu, nítorí pé ìyẹn ló rọrùn.

Mo bínú sí yín. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi sórí ìwé, ẹ fi rán èèyàn. Mo ti dáná sun ún. Mo bínú pé ẹ gba ọdún kan tí wọn ì bá fi kọ́ mi. Mo bínú pé ẹ jẹ́ kí n dúró níwájú ìjọ níbí lẹ́ẹ̀mẹta kí n máa jẹ́rìí. Mo bínú, ṣùgbọ́n mo ti wá olùkọ́.

Obìnrin àgbà kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìṣirò nílé ìkàwé àdúgbò. Ìdá àti ìpín ló ti bẹ̀rẹ̀ fún mi, ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì Àǹtí Judith ń ṣe. Ojú tì mí fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó bi mí bí mo ṣe ń mọ iye oògùn tí màá fà fún ọmọdé níbi iṣẹ́. Mo ṣàlàyé ìwọ̀n ara, ìwọ̀n oògùn, iye ìṣẹ́jú tí omi yóò fi kán tán. Ó ní, “O ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́sàn-án, o kò kàn mọ orúkọ rẹ̀.” Láti ọjọ́ yẹn, bí ìbéèrè bá dàrú mọ́ mi lójú, mo máa ń sọ ọ́ di aláìsàn kan lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n tó ṣírò rẹ̀. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ní kí n fò ó, kí n má jẹ́ kí aago mú mi, kí n padà sí i nígbẹ̀yìn. N kò gba ààwẹ̀ mọ́. Mo ń jẹun kí n tó jókòó.

Mo ti sọ fún Bọ̀ọ̀dá Joel pé kó má padà wá. N kò tún lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ yẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí Judith, n kò ní gba ẹnu yín sọ ọ́.

Olúwatóyọ̀sí.


Erínjẹ,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejìlá, ọdún 2024.

Olúwatóyọ̀sí,

Mo kí ọ. Ọyẹ́ ti dé díẹ̀. A ti yọ ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò.

Láti ìparí oṣù tó kọjá ni mo ti ń retí kí o sọ bí ìdánwò ṣe rí. Lánàá, ọlọ́kadà Charity dé. Mo na ọwọ́, ó ní kì í ṣe èmi ló ni ín. Ó ní Judith ni orúkọ tó wà lára àpòòwé. Mo ní kó tún un wò. Ó tún un wò, ó ní Judith ni. Mo pe Benedict kó wá wò ó, òun náà ní Judith ni.

Mo gbé e sórí tábìlì títí Judith fi ti ilé ìwé dé. Ó ya àpòòwé náà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kà á. Ó tún un kà. Ojú ewé mẹ́rin ni. Mo dúró kó kà á sókè bó ṣe máa ń kà á, kò kà á sókè. Nígbà tó tán, ó ká a, ó fi í sínú àpò aṣọ rẹ̀.

Mo ní, “Kí ló wí?”

Ó ní, “Màmá, èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí.”

Mo ní mo mọ̀ pé òun ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi ló kọ ọ́, abẹ́ òrùlé mi ló sì ti kà á. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo ní ṣé o bú mi nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo àpò aṣọ rẹ̀. Mo ní ṣé o bẹ̀ ẹ́. Ó wo ilẹ̀. Mo wá ní ó dáa, mi ò bèèrè ìyókù, ṣùgbọ́n kó sọ èyí kan fún mi: ṣé o yege?

Ó ní o yege. Ó ní ẹyọ kan lé lórí ohun tí wọ́n ń bèèrè, ìwọ lo sì ṣe é látòkè délẹ̀, àti pé ìwé rẹ ti dé ilé ìwé náà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Mo rò pé màá fẹ́ kí ẹnì kejì ka lẹ́tà náà fún mi. Ó wà nínú aṣọ rẹ̀ níbẹ̀, mo lè ní kó mú un wá. Mi ò ní. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi di obìnrin yìí lẹ́nu nínú ilé ara rẹ̀. Ohun tí ẹ bá ń bá ara yín sọ báyìí, ẹ máa bá a lọ.

Òun náà ló ń kọ èyí. Kò gbójú sókè láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ dé ìsàlẹ̀ ìwé, ó ń bi mí bóyá ó kù.

Mo ní kò kù.

Èmi ni,
ìyá bàbá rẹ.